Òwú Tí Sísì Mojí Fi Kàn Mí Lápá

Mojísọ́lá Oyèwùsì ni orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Mo kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún nítorí pé ó ti pẹ́ tí ẹbí wa ti ń bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, pé kí n sọ ti àìsàn náà nìkan, kí n sì fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ọpẹ́ mi wà láàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi. Ohun tí mo ń kọ yìí wà fún ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀tẹ̀ ni ó ń ṣe é, àti fún ẹni tí àmì rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ tí kò tíì mọ̀. Mo dárúkọ àrùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé àìdárúkọ rẹ̀ ni ó ba ọwọ́ mi jẹ́.

Ọmọ Iléṣà ni wá. Olùkọ́ ni bàbá wa, ó sì rí i pé àwa ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì kàwé. Ní àwọn ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, Sísì Mojí ti di nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ó sì ti gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Agbowó, nígbà tí igbó ṣì wà láàárín ilé kan sí èkejì níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo wá bá a gbé. Mo rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Dùgbẹ̀, ẹ̀ka abọ́ tánganran ni wọ́n fi mí sí.

Jàpáànì ni àwọn abọ́ náà ti ń wá nínú àpótí onígi, ìwé àtijọ́ ni wọ́n sì fi ń wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ó má baà fọ́. Iṣẹ́ mi ni láti tú wọn. Àwọn yòókù a máa rún ìwé náà, wọn a jù ú sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo tẹ́ ọ̀kan sórí káńtà, mo rí i pé ìtàn ni, ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. N kò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń bínú, mo mọ ẹni tó ń sá, mo mọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò ní padà wá. Ojú wọn tóbi bí ojú ère, àgbọ̀n wọn ṣe ṣóńṣó, ẹnu wọn kò ju ìlà kan lọ. Bí ẹnìkan bá ń sáré, ẹni tó yà á á fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, o óò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ atẹ́gùn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìwé náà lọ sílé, mo ń fi pẹ́ńsù kọ́ wọn. Òbìrí kan fún orí, ìlà kan láti iwájú orí dé àgbọ̀n, òmíràn láti etí dé etí, kí ojú má baà wọ́. Wọ́n máa ń fún ara ní gígùn orí méje. Èmi tí mo dàgbà láàárín ère ilé bàbá ìyá mi, níbi tí orí ti máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara, ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó gbà. Bí pẹ́ńsù bá ti tọ́, mo óò fi gègé àti íǹkì tọ ipa rẹ̀. Nígbà tó yá, mo fi àwọn ará Jàpáànì sílẹ̀, mo ń ya àwọn ará Dùgbẹ̀ ní ọ̀nà tiwọn: ìyàwó olówó tó ń yẹ abọ́ wò tí kò ní rà, akọ̀wé lórí kẹ̀kẹ́ tí táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn. Àwọn ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù a máa du wọ́n mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Ṣadé, wo tirẹ̀ títí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ká ní mo ní ojú tí o fún mi yìí lóòótọ́, ta ni ì bá bá mi ní ìdí abọ́?"

Onítẹ̀wé kan ní Ring Road rí díẹ̀ nínú wọn. Ó ní bí mo bá lè parí ìtàn kan lódindi, òun yóò tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ iléèwé. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń wa lọ́rì láti Ìbàdàn lọ sí Kánò. Ẹ̀bẹ̀ mi sí Ọlọ́run nígbà náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí n parí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé íǹkì ni kò dára. Ẹni tó bá ń fi gègé yàwòrán máa ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lé ìwé, ìhà ti ọmọńdinrín. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yẹn ló máa ń sọ fún un bóyá íǹkì ti gbẹ. Tèmi kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo óò gbé ọwọ́ kúrò, mo óò rí i pé mo ti nu ojú ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Mo bú íǹkì, mo ra òmíràn. Lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ òórùn ohun tó ń jó. Mo gbé aṣọ wò, kò jó. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo ìdí ààrò. Ìgbà tí mo wá wo ọwọ́ mi ni mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara áyọ́ọ̀nù. Kò dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ìrora ni kí á máa bẹ̀rù. Nínú àìsàn yìí, ibi tí kò bá dunni ni kí ẹ bẹ̀rù.

Mo fi han Sísì Mojí. Ó fi ìpara sí ojú iná náà, ó sì ní kí n ká apá ẹ̀wù mi sókè. Àbàwọ́n kan wà lókè ìgúnpá mi, ó fẹ̀ tó ẹnu ife, ó mọ́ ju ara mi yòókù lọ, irun kò sì hù níbẹ̀. Mo ti ń rí i tipẹ́. Kò yún mi, n kò kà á sí.

"Dijú," ó ní.

Mo dijú.

"Sọ fún mi nígbà tí mo bá fọwọ́ kàn ọ́."

Mo dúró, mo dúró, títí ó fi ń pa mí lẹ́rìn-ín. "Sísì, ẹ tètè kàn mí o, ibi iṣẹ́ ń dúró dè mí."

Nígbà tí mo lajú, òwú kékeré kan wà láàárín ìka rẹ̀, ó ń wò ó. Ó sọ ọ́ nù, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀.

"Làpálàpá ni," ó ní. "Ìpara yìí ni kí o máa fi pa á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Má sì fi han ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ara ọmọbìnrin kò dára lẹ́nu ayé."

Nọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àkókò yẹn ọkùnrin kan ń fẹ́ ẹ, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ilé wọn wà ní Bódìjà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ mọ bí a ti í ṣe é nílẹ̀ wa. Kí ìdílé tó gbà láti fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, wọn yóò ṣe ìwádìí. Ṣé wèrè wà ní ìdílé náà? Ṣé wàràpá wà níbẹ̀? Ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀? Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọn kò ní jà, wọn kò ní sọ ìdí. Wọn yóò kàn dẹ́kun wíwá.

Àwọn àgbà obìnrin méjì láti ìdílé ọkùnrin náà yà sí Agbowó ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni, kí àwọn kí wa. Sísì ti ra bùláòsì alápá gígùn fún mi sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ooru ò mú ọ ni? Apá gígùn nínú ẹ̀ẹ̀rùn?"

Kí n tó lanu, Sísì ti dáhùn. "Ẹ dákun mà, ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Dùgbẹ̀. Ó ti di ọmọ Lọ́ńdọ̀nù mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ó dáa. Kí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù bá mi bu omi mu."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo bu omi náà wá, mo fi ọwọ́ òsì ti abẹ́ àwo torí pé ọ̀tún mi kò lè dì í mú dáadáa mọ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi pé ọkọ tèmi náà ń bọ̀ lọ́nà. Mo rò pé ìtìjú ni ẹ̀gbọ́n mi bò fún mi.

Kò pẹ́ tí ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún mi àti ìka tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú, bí ẹni tó fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́ tó tún gbàgbé. Ìyá wa gbọ́, wọ́n wá láti Iléṣà pẹ̀lú ìkòkò àgbo. Mo mu àgbo, mo fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, mo tẹ ọwọ́ bọ omi gbígbóná títí ó fi bó, n kò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, wọ́n mú mi lọ bá wòlíì kan ní Ṣàngó. Ó ní kí wọ́n kó ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe wá fún òun. Wọ́n kó àwòrán mi lọ.

"Ta ni àwọn wọ̀nyí?" ó bi mí.

"Àwòrán ni, Bàbá."

"Mo ríran, mo rí i pé àwòrán ni. Ta ni wọ́n? Ọmọ ènìyàn wo ló ní irú ojú yìí? Àwọn ni wọ́n jókòó ti ọwọ́ rẹ, wọ́n ń mu agbára rẹ̀. Ẹ sun wọ́n."

Ìyá mi fi omijé bẹ̀ mí. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo sì ti dárí jì wọ́n kí wọ́n tó kú. Ẹni tó mọ̀ ni ó lọ bu kẹrosíìnì wá. "Àbẹ̀kẹ́, gba ohun tí Ìyá wí," Sísì Mojí sọ fún mi. "Ìwé lásán ni." Ní àgbàlá ilé ní Agbowó ni a ti sun ọmọbìnrin onílọ́rì náà, òun àti lọ́rì rẹ̀, kí ó tó dé Ìlọrin. Ìyá wa ń gbàdúrà, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe àmín. Nígbà tí mo dàgbà tó láti rò ó dáadáa, àmín yẹn ni ó dùn mí jù.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó rẹ̀. Ó kó lọ sí Bódìjà, ó fi yàrá Agbowó sílẹ̀ fún mi. Láìpẹ́ sí i, ìkòkò tíì kan bọ́ lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́, òmíràn tún bọ́. Ọ̀gá wa sọ pé kí n lọ sí ọsibítù, kí n má sì padà wá láìmú ìwé dókítà dání. Mo lọ sọ fún Sísì. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun yóò wá ìpara tó le sí i fún mi. "Ìlà ibẹ̀ gùn. Ṣé o fẹ́ lọ jókòó pẹ̀lú elégbò?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ìlà náà gùn lóòótọ́. Àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ nígbà tí mo débẹ̀, bẹ́ǹṣì ti kún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, akọ̀wé kan jáde, ó ké pé, "Àwọn aláìsàn awọ ara, ẹ bọ́ sí ọ̀hún." Bí a ti dìde, àwọn tó wà nítòsí fa aṣọ wọn mọ́ra. Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Ìwó Road jókòó sí bẹ́ǹṣì tiwa, ó rí i pé etí bẹ́ǹṣì ni mo rọ̀ mọ́.

"Jókòó dáadáa," ó ní. "Bẹ́ǹṣì ò ní àrùn. Àwa la ni ín."

Mo sọ fún un pé làpálàpá ni tèmi. Ó wo ìka mi, kò bá mi jiyàn. Ó ní tòun kì í ṣe làpálàpá, ẹ̀tẹ̀ ni, oògùn rẹ̀ ni òun ń lò, ara òun sì ń yá. "Mo sọ fún ọkọ mi, ó sá lọ. Kò burú. Ó máa ń hanrun jù."

Ọ̀dọ́kùnrin ni dókítà náà, Yorùbá ni. Mo sọ bí áyọ́ọ̀nù ṣe jó mi fún un. Ó wo apá mi, ó tẹ ìgúnpá mi níbi tí iṣan ti wú bí okùn. Ó wá ní, "Ẹ dijú. Ẹ sọ fún mi nígbà tí mo bá kàn yín."

N kò lè dijú. Mo rí òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà, kí ni ẹ fẹ́ fi òwú yẹn mọ̀?"

"Bóyá ibẹ̀ ti kú. Ojú làpálàpá máa ń mọ̀ bí a bá kàn án, ó sì máa ń yún. Àrùn kan ṣoṣo ló máa ń dí ara létí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé nọ́ọ̀sì mọ èyí?"

"Nọ́ọ̀sì wo ni kò mọ̀ ọ́n?" Ó gbé òwú sílẹ̀. "Ẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ má sunkún. Ó ní oògùn, kò ní pa yín, ẹ kò sì ní lọ gbé inú igbó. Ṣùgbọ́n àwọn ìka méjì yìí, ká ní ẹ ti wá nígbà tí áyọ́ọ̀nù jó yín." Kò parí rẹ̀.

Torí ẹ̀tẹ̀ kọ́ ni mo ṣe sunkún.

Láti ibẹ̀ mo wọ ọkọ̀ lọ sí Bódìjà. Sísì Mojí wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú oyún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó rí ojú mi.

"Gba ẹ̀yìn wọlé," ó ní.

"Ṣé ẹ mọ̀, Sísì?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Màmá wà nínú ilé."

"Mo ní ṣé ẹ mọ̀?"

"Ṣé o ti jẹun?"

Mo gba iwájú wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, wọ́n bu omi fún mi, mo mu ún. Mo wá ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Màmá, ọsibítù ni mo ti ń bọ̀. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n rí lára mi. Ìyàwó yín ti rí i kí ẹ tó wá tọrọ rẹ̀." Ìyá náà kò pariwo. Wọ́n mú ife tí mo fi mu omi, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ nígbà tó fọ́. Ẹ gbọ́ mi o, ife kì í kó ẹ̀tẹ̀ ran ènìyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́.

Wọn kò lé e jáde, ọkọ rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tó bí ní ilé náà, ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á tú u sí ìhòòhò nínú oòrùn, á máa yẹ ara rẹ̀ wò láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Obìnrin tó ń bá wọn wẹ ọmọ ló sọ fún mi. Ó ní Sísì á dúró sí ẹnu ọ̀nà, á máa wò wọ́n. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó dùn nígbà tí mo gbọ́ ti ìkẹyìn. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀san kì í dùn, wọn kò tíì tọ́ ọ wò.

Ṣọ́ọ̀bù kò gbà mí padà. Onílé Agbowó gbọ́, ó kó ẹrù mi síta nígbà tí mo wà ní ìlà oògùn. Ìyá aránṣọ yẹn ni ó gbà mí, a jọ gbé yàrá kan ní Challenge fún ọdún púpọ̀, ó ń ránṣọ, mo ń bá a ṣẹ́tí. Oògùn náà kò wọ́n. Owó ọkọ̀ ni ó ń tán mi, àti oúnjẹ, torí ó máa ń mú inú rú bí a bá gbé e mì láìjẹun. Àwọn ìgbà kan wà tí iṣan apá mi á gbóná, á máa ta mí títí n óò fi fẹ́ ge ọwọ́ náà sọnù. Mo bẹ̀rù pé òsì náà yóò tẹ̀ lé e. Kò tẹ̀ lé e. Mo ń gbé oògùn mì títí dókítà fi sọ pé àrùn náà kò sí lára mi mọ́, kò sì padà wá títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára yín, ẹ lọ sí ọsibítù lónìí. Oògùn tòde òní yá kánkán ju tiwa lọ, wọn kì í sì í gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Láràárọ̀ ni kí ẹ máa wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín bóyá egbò wà níbẹ̀, torí ara yín kò ní sọ fún yín. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ohun tí ìdákẹ́ yín yóò rà fún un.

Èmi ti darúgbó báyìí. Ìka méjèèjì ṣì ká, ṣùgbọ́n àtàńpàkò àti àwọn ìka yòókù ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń wọ ìbọ̀wọ́ olówùú tí mo gé ìka rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi má baà bó. Mo ṣì ń yàwòrán. Àwọn ọmọ ilé wa ń kó ìwé àwọn ará Jàpáànì wálé lóde òní, wọ́n ń pè é ní máńgà, wọ́n sì rò pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Mo tún ọmọbìnrin onílọ́rì náà yà. Ṣùgbọ́n ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń fà sẹ́yìn ẹni tó ń sáré, ọmọńdinrín ni ó máa ń yọ̀ lórí ìwé láti gbé e, tèmi kò sì lè yọ̀ mọ́. Lọ́rì náà dúró sójú kan. Gbogbo ènìyàn inú àwòrán mi ló dúró sójú kan.

Lọ́dún tó kọjá, àkọ́bí Sísì Mojí wá sí Challenge, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ìyá òun kò lè dìde mọ́, ó sì ń pè mí. N kò tíì jẹun ní ilé rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ife yẹn. Mo lọ. N kò lọ láti dárí jì í. Ìbéèrè tí mo bi í lẹ́nu géètì kò tíì ní ìdáhùn, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ kí ọ̀kan nínú wa tó kú.

Ó ti rù, ó ti kéré lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sún mọ́ ọn, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi síbi tí yóò ti rí i. Mo ní, "Sísì, ṣé ẹ mọ̀?"

Ó wo ọwọ́ náà. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, wọ́n jáde.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìka méjì ni, Àbẹ̀kẹ́. Èmi bí ọmọ mẹ́rin sí ilé yìí. Èwo nínú wọn ni o fẹ́ kí n dá padà?"